Bàbá, Dùùrù Yín Ti Wúwo Ju Ọwọ́ Òsì Mi Lọ

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìdí òfì, ẹ kú ìjókòó láti àárọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Festac níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò fẹ́ gbọ́ ohùn mi lórí fóònù lásìkò yìí. Màmá mi, ẹ kú àmójútó ilé, ẹ sì kú àmójútó Bàbá. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Àkànní àti ìyàwó wọn, kí ẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ìṣẹ́yìn, láti orí àwọn àgbà tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ títí dé ẹni tó ń to àga. Ara mi le, àfi ibì kan. Ibì kan náà ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Mo mọ̀ pé inú yín kò ní dùn pé mo kọ lẹ́tà yìí sí gbangba, níbi tí ẹni tí kì í ṣe ará ilé wa yóò ti kà á. N kò ṣe é láti dójú tì yín. Ẹ̀yin lẹ ra dùùrù tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, àmọ́ ẹgbẹ́ akọrin dá owó sí i, gbogbo ìjọ sì dúró gbàdúrà lé e lórí kí ó tó kúrò ní Ìṣẹ́yìn. Màmá sọ fún mi pé àwọn akọrin ti ń bi ara wọn léèrè bóyá lóòótọ́ ni mo fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn, àti pé ẹnì kan ti sọ lẹ́yìn ìpàdé pé Èkó ti gun Mojísọ́lá lórí. Ohun tí mo gbà lójú gbogbo ènìyàn, ojú gbogbo ènìyàn náà ló yẹ kí n ti ṣàlàyé rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ kò gbé fóònù mi mọ́, mo sì mọ̀ pé ẹ kì í bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà kí ẹ má parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀. Dùùrù tí ẹ fún mi ń ba ọwọ́ òsì mi jẹ́. Ìjọ kékeré kan ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá fẹ́ gbà á, wọn yóò sì fún mi ní tiwọn tó fúyẹ́. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ wá gbé e. Mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i. Ìyókù lẹ́tà yìí, àlàyé ni.

Màmá ti sọ fún mi bí ẹ ṣe rà á. Ó ní ẹni tó ń tà á ní Ìbàdàn gbé méjì síwájú yín. Ẹ gbé èkíní, ẹ ní ó dà bí ike tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Ẹ gbé èkejì, ó fa apá yín wálẹ̀, ẹ bá rẹ́rìn-ín, ẹ ní ojúlówó nìyí, ẹ kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó tan iná sí èkíní kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. N kò bá yín jà lórí ìyẹn. Bí a ṣe ń rajà nílé wa nìyẹn. Ìkòkò irin, àdá, ọlọ, tìmùtìmù: ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tí yóò bá òun kalẹ́, yóò kọ́kọ́ gbé e wò. Mo ti rí Màmá lọ́jà tí ó ń gbé ìkòkò sókè sódò bí ẹni ń gbé ọmọ wò bóyá ó ti sanra. Èyí tó bá fúyẹ́, gbàrọgùdù ni.

Ẹ sì jàre lápá kan, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ohun méjì ló wà nínú dùùrù oníná, èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní kíbọ́ọ̀dù. Ohùn wà níbẹ̀, ìtẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ohùn náà ń gbé nínú ègé kékeré kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò mi. Kò wúwo ju ewé lọ. Ìtẹ̀ ló ni ìwúwo tí ẹ gbé yẹn. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn funfun àti dúdú tí à ń tẹ̀ lórí dùùrù yín, òòlù kékeré kan wà tó ń dìde bí ìka bá bà á, kí ó lè dà bí dùùrù onígi àtijọ́ lábẹ́ ọwọ́. Irin gígùn kan ló gbé gbogbo òòlù náà dúró, pákó nínípọn yí irin náà ká, gbohùngbohùn méjì sì wà ní igun rẹ̀. Fún ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́, kò sí ohun tó dára tó o. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àwọn olùkọ́ mi máa ń sọ pé ìka mi gbọ́ràn. Dùùrù yín ló kọ́ wọn ní ìgbọràn. N kò ní gbàgbé ìyẹn láéláé.

Àmọ́ inú yàrá ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́. Ìta ni iṣẹ́ wà.

Bí mo bá kó dùùrù náà sínú àpò rẹ̀, tòun ti ẹsẹ̀ irin tó ń gbé e dúró àti àwọn wáyà, ó tó ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹ óò ní kí ni ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì fún ọmọ tó dàgbà sí Ìṣẹ́yìn. Òótọ́ ni. Àmọ́ sìmẹ́ǹtì kúrú, ó sì ń tẹ̀ bá ara ẹni tó gbé e. Bí ẹ bá gbé dùùrù yìí nàró, ó ga dé èjìká mi. Kò tẹ̀, kò sì ní ibi ìdìmú. Bí mo bá ń rìn, ìdí rẹ̀ ń gbá mi lórúnkún, orí rẹ̀ ń gbá ẹni tó bá pàdé mi.

Ilé tí mo ń gbé wà nínú kílóòsì kan, òpópónà kékeré tí kò já síbì kan, lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn àfẹ́nù Festac, ní àjà kẹta. Ilé ìjọba àtijọ́ ni. Àtẹ̀gùn rẹ̀ fẹ̀ ju ti ilé tuntun lọ, ìyẹn sì ṣe mí lóore, nítorí mo lè yí dùùrù náà padà ní kọ̀rọ̀ láìkọlu ògiri. Ibi tí oore náà parí sí nìyẹn. Òjò ti jẹ ọ̀nà láti ẹnu géètì wa dé ibi tí kẹ̀kẹ́ Màrúwà ti ń gbé èrò. Èjìká òsì ni mo fi ń gbé dùùrù, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń di ẹsẹ̀ irin rẹ̀ mú. Kò gba inú kẹ̀kẹ́ ní ìbú. Àfi kí a nà án láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí orí rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, kí n sì máa fà á mọ́ra kí ó má baà yọ́ bọ́ sílẹ̀ bí a bá já sí kòtò.

Àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ Agbójú ti sọ mí ní Àǹtí Pósí. Bí wọ́n bá rí mi lókèèrè, ọ̀kan á ké sí èkejì pé kí ó sún mọ́ ọ̀nà, àwọn ẹbí olóògbé ti dé. Ọ̀kan bi mí léèrè pé ṣé ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti jẹun àárọ̀. Òmíràn ní òun kì í gbé òkú lọ́jọ́ Ẹtì, àfi kí n wọlé kí òkú máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí a bá ń bá rẹ́rìn-ín kì í tètè kọ ẹrù wa. Àmọ́ bí èrò bá pọ̀ tí òjò sì ṣú, ẹ̀rín tán nìyẹn. Wọn á kó èrò wọn lọ, wọn á fi Àǹtí Pósí sílẹ̀ pẹ̀lú òkú rẹ̀. Òjò ìhín kì í sì í ṣe òjò wa. Ó ń wá láti ìhà òkun, ó ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, àpò dùùrù á mu ún yó, ẹrù tó ti wúwo á tún lé sí i.

Ẹ bi mí nígbà kan pé kí ló dé tí n kò háyà mọ́tò. Bí mo bá háyà mọ́tò lọ àti bọ̀, mọ́tò ni yóò gba owó iṣẹ́, èmi á wá di ẹni tó sìn ín lọ síbẹ̀. Ẹ tún bi mí pé ṣé àwọn tó pe ẹgbẹ́ orin wa sí ayẹyẹ kò ní dùùrù tiwọn ni. Àṣà àwa olórin níhìn-ín ni pé onídùùrù a máa gbé tirẹ̀ wá. Ẹni tó ń lu dírọ́ọ̀mù sábà máa ń bá dírọ́ọ̀mù nílẹ̀ ní gbọ̀ngàn. Bọ̀dá Ṣẹ́gun, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ orin tí mo ń bá ṣiṣẹ́, fèrè ló ń fọn. Ó ń gbé e kọ́ ẹ̀yìn bí àpò ilé-ìwé, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á sì ṣófo tí ó fi máa ra gúgúrú lójú ọ̀nà. Èmi nìkan ni mo máa ń dé tí aṣọ mi ti tutù.

Ohun tí mo rò pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàlàyé fún yín nìyí, Bàbá, ibẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Aláàárù tó gbé ẹrù dé, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Yóò jókòó, yóò mu omi. Èmi, ìgbà tí mo bá sọ ẹrù kalẹ̀ ni iṣẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Iṣan tí ènìyàn fi ń di nǹkan mú kò sí nínú ìka. Inú apá ló wà, láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́, ó sì ń fa ìka láti ibẹ̀ bí okùn tí ẹsẹ̀ yín ń tẹ̀ nísàlẹ̀ òfì ṣe ń gbé òwú sókè. Iṣan kan náà ló ń gbé ìka mi sókè tó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ lórí dùùrù. Bí ó bá ti di ẹrù mú láti ilé dé gbọ̀ngàn, yóò le, yóò máa gbọ̀n, kò sì ní gbọ́ràn àfi tí ó bá sinmi. Ìsinmi yẹn ni a kì í rí. Bí mo bá dé, wọ́n á ti máa béèrè pé onídùùrù dà. Ẹ fojú inú wo ẹni tí wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ gé igi ìdáná odidi àárọ̀, kí ó sì wá fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, gbígbọ̀n nìkan ni. Mo máa ń fi ọwọ́ sábẹ́ abíyá títí yóò fi lọ.

Lẹ́yìn náà ni a lọ ṣeré níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, nínú gbọ̀ngàn olókè kan ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Òjò ti mú mi lọ́nà. Mo gun àtẹ̀gùn, mo to dùùrù, mo so wáyà. Wọ́n ti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, obìnrin náà ti ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ sì ti dìde. Orin ìwọlé rẹ̀ jẹ́ orin tí ọwọ́ òsì ni yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ òsì lé dùùrù. Ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e kò lọ. Wọn kò dùn mí. Ká ní wọ́n dùn mí ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀. Mo ń wò wọ́n lórí dùùrù bí ìka ẹlòmíràn, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọn kò tẹ̀ ẹ́. Ọkọ obìnrin náà ti bojú wo apá ọ̀dọ̀ wa. Mo sáré gbé ọwọ́ ọ̀tún wá sí ìsàlẹ̀, mo fi bẹ̀rẹ̀ orin náà láìsí ohùn òkè rẹ̀ rárá. Bọ̀dá Ṣẹ́gun yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó gbé fèrè sẹ́nu, ó sì bá mi fi ohùn òkè sí i kí àwọn ènìyàn tó mọ̀.

Nígbà tí a ṣíwọ́, ó béèrè lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé ṣé ọwọ́ òsì Mojísọ́lá kò rí ìwé ìpè gbà ni, àbí àwọn ẹ̀ṣọ́ dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ó ní òun fẹ́ràn mi bí àbúrò, òun yóò sì dúró dè mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò ní dúró de òun. Ẹni tí ó bá ní ọwọ́ méjì ni òun lè mú lọ.

Mo lọ bá obìnrin kan ní ilé ìwòsàn kan nítòsí ibẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé. Kò yára sọ̀rọ̀. Ó fi bébà sáàárín ìka kékeré mi àti èyí tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n dì í mú, ó sì fà á. Ti ọwọ́ ọ̀tún kò jáde. Ti ọwọ́ òsì yọ́ jáde bí ẹni pé n kò dì í mú rárá. Ó tún un ṣe. Ó tún yọ́ jáde. Ó wá ní kí n gbé àga gígùn tó wà nínú yàrá náà kọ́ èjìká bí mo ṣe ń gbé dùùrù, ó yí mi ká, ó fi ìka kan ibi tí okùn àpò ti fi àmì sí mi lára láàárín ọrùn àti èjìká. Ó ṣàlàyé pé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá lọ sí ìka méjèèjì yẹn, òun ló ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ lọ síbẹ̀, ẹrù náà sì ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ eegun láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní bí mo bá dáwọ́ dúró nísinsìnyí, òun ní ìrètí pé yóò padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ń gbé e lọ, ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò mi àti ìka ìfábẹ̀lá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bí ó bá ti rù, òun kò lè ṣèlérí fún mi mọ́.

Láti ìgbà náà, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò bí mo bá jí. Mo ń gbé ọwọ́ méjèèjì sí ojú fèrèsé, mo ń fi wọ́n wéra. Lójú mi, òsì ti fẹ́ pẹlẹbẹ ju ọ̀tún lọ. Àbí ojú mi ni. N kò ní ẹni tí mo lè ní kó bá mi wò ó. Ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí tèmi, tọkọtaya tó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń gbé ibẹ̀. À ń kí ara wa, ìyẹn náà ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bí mo bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo fi ń já ẹ̀fọ́. Mo ń tan rédíò kí ilé má baà dákẹ́ jù. Màmá, mo mọ̀ pé ẹ óò fẹ́ gbéra wá bí ẹ bá ka èyí. Ẹ ní sùúrù kí n parí ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú Bàbá.

Bàbá, ọjọ́ tí mo pè yín láti sọ ọ́, ẹ ní ta ló ní kí n fi èjìká gbé ẹrù nígbà tí Ọlọ́run fún mi lórí. Ẹ ní àwọn ìyá wa ń gbé igi láti oko wálé, ọwọ́ wọn kò sì kú. Mo gbé e lórí rí, Bàbá. Mo fẹ́ gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó gba orí títì ńlá kọjá, mo ká òṣùká, mo gbé e rù. Ní àárín afárá, atẹ́gùn gba ìdí dùùrù náà, ó sì yí i lórí mi bí ìgbà tí a ń ṣí ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ níwájú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kíá, ó ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orí tiyín gé tèmi. Ọrùn mi kò ṣeé yí fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Igi ìdáná kò gùn bẹ́ẹ̀, kò sì sí atẹ́gùn òkun ní oko wa.

Ẹ tún pa á lówe fún mi pé orí kì í tóbi kí olórí má lè gbé e. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò bí dùùrù mọ́ mi. Ọwọ́ ni wọ́n bí mọ́ mi.

Lẹ́yìn náà lẹ sọ èyí tó dùn mí jù, pé ẹ̀bùn tí a ti gbàdúrà lé lórí kì í ṣí lọ sí ilé ẹlòmíràn, àti pé ẹni tó bá gbé e jáde, àdúrà náà ló gbé jáde. Ẹ sì pa fóònù. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù. Mo wá rántí àdúrà náà fúnra rẹ̀, torí mo wà níbẹ̀, ìwájú pẹpẹ ni mo kúnlẹ̀ sí. Ẹ̀yin lẹ gbà á, Bàbá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọwọ́ mi. Ẹ ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ tí yóò máa tẹ dùùrù náà rọ. Ìgbà tí ẹ ti sọ̀rọ̀ ọwọ́ tán lẹ tó dárúkọ dùùrù.

Ẹ sì jẹ́ kí n fi iṣẹ́ tiyín bá yín sọ ọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òwú nínípọn lẹ fi ń hun òfì, aṣọ tó bá ti ọwọ́ yín jáde lè dá dúró lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé gèlè rẹ̀ ń fa ọrùn, agbádá rẹ̀ ń mú ooru. Àwọn àgbà kan nínú ẹgbẹ́ yín ní òfì tó bá fúyẹ́ kì í ṣe òfì mọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ yí padà sí òwú fẹ́lẹ́ ní agbolé wa. Mo gbọ́ tí ẹ ń sọ fún wọn pé ọwọ́ ahunṣọ ni aṣọ ń gbé, kì í gbé inú ìwọ̀n òwú. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju ohun tí ẹ ti fún àwọn oníbàárà yín lọ.

Ìjọ Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá yìí, ìyàwó pásítọ̀ wọn ni mo mọ̀. Mo ń lọ kọ́ àwọn akọrin wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé dùùrù wọn fúyẹ́ jù. Bí àwọn èwe bá ń jó nítòsí rẹ̀, ó ń rìn. Ó ní lọ́jọ́ kan ó rìn débi pé onídùùrù wọn ń tẹ̀ lé e kiri bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Dùùrù tó jókòó síbì kan ni ó ń wá, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lè fi tọ́ ìka wọn. Tiyín ni, Bàbá. Wọn yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, kò sì ní sí ẹni tí yóò tún gbé e mọ́.

Tiwọn, mo ti gbé e wò. Kò wúwo ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìjókòó lọ. Ó gba inú kẹ̀kẹ́ ní ìbú, mo sì lè pọ̀n ọ́n sẹ́yìn kí ọwọ́ mi méjèèjì sinmi dé ibi iṣẹ́. N kò ní purọ́ fún yín, nǹkan kan yóò bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò sí òòlù nínú rẹ̀, ó rọ̀ lábẹ́ ìka, mo sì ní láti tún ọwọ́ mi kọ́ bí a ṣe ń tẹ orin jẹ́ẹ́ àti orin kíkan lórí rẹ̀. Àmọ́ ohùn ńkọ́? Mo so méjèèjì mọ́ gbohùngbohùn kan náà, mo ní kí Bọ̀dá Ṣẹ́gun kọ̀yìn sí mi, mo tẹ orin kan náà lórí àkọ́kọ́, mo tẹ̀ ẹ́ lórí èkejì. Mo ní kí ó sọ èyí tó jẹ́ ti Bàbá mi. Ó ní ìyẹn kò tó nǹkan tí òun ń ronú lé, àkọ́kọ́ ni, ohùn rẹ̀ lówó lórí. Àkọ́kọ́ ni èyí tó fúyẹ́. Kò tíì gbà títí di òní. Ó ní mo ṣe àyídáyidà.

Àárọ̀ Sátidé ni wọn yóò wá, àwọn ọkùnrin mẹ́rin láti ìjọ náà, pẹ̀lú ọkọ̀ wọn. Mo ti sọ fún ìyàwó pásítọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni dùùrù náà, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ wá. Ó ní bí ẹ bá ń bọ̀, àwọn yóò dúró dè yín di ọ̀sán, òun yóò sì fẹ́ kí ẹ̀yin gan-an gbé ọwọ́ lé e kí ẹ fà á lé àwọn lọ́wọ́ níwájú ìjọ. Mo bẹ̀ yín, Bàbá, ẹ wá. Ẹnu tó gbàdúrà àkọ́kọ́ ló yẹ kó gba èkejì. Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè sọ ní Ìṣẹ́yìn pé ẹ̀bùn náà sọnù. Wọn yóò máa sọ pé ó bímọ sí Èkó.

Bí ẹ kò bá wá, n kò ní dá wọn padà. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn lẹ́nu èmi fúnra mi. N óò ṣílẹ̀kùn fún wọn, n óò dúró lórí àtẹ̀gùn, n óò máa sọ kọ̀rọ̀ tí wọn yóò ti yí i fún wọn, n kò sì ní bá wọn fọwọ́ kàn án. Ó ṣeé ṣe kí n sunkún. Ṣùgbọ́n wọn yóò gbé e lọ, nítorí bí dùùrù bá lọ, ọmọ tí ẹ rán lọ kọ́ ọ ṣì kù fún yín, ọwọ́ rẹ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá ọwọ́ yín sí, Bàbá, òkùnkùn kò ní ṣú sí ojú tí ẹ fi ń wo òwú. Màmá, ẹ óò jẹun ọmọ pẹ́. Ilé wa kò ní tú, orin kò sì ní tán nínú ìjọ wa. Ẹ kí àwọn akọrin. Ẹ ní kí wọ́n ka lẹ́tà yìí tán kí wọ́n tó dá mi lẹ́jọ́. Ẹ kí àwọn ará agbolé, tọmọdé tàgbà. Bí ẹ bá pinnu láti wá, ọkọ̀ àkọ́kọ́ láti Ìṣẹ́yìn lẹ máa wọ̀. Ẹ má gbé nǹkan kan dání.

Èmi ni ọmọ yín, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà nílẹ̀ fún yín,
Mojísọ́lá